Mùrí Bu Ẹ̀kọ́ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Kù

Ẹni tó bá ti bá ẹlòmíràn ṣe àáró rí mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹni tó ń báni roko. Mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló so ó ró. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe àrékérekè, yóò fi erùpẹ̀ bo koríko mọ́lẹ̀, yóò kọ ebè lé e lórí, olóko yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ kí àṣírí tó hù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Mùrí ọmọ Àáfáà ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abọ́dúnrìn ní ìlú Ìwó. Àmọ́ kì í ṣe lórí ebè iṣu. Orí ẹ̀kọ́ ni.

Àwọn méjèèjì jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Odò-Orì. Wọ́n ń tún fáànù, áyọ́ọ̀nù àti rédíò ṣe, wọ́n sì ń fa wáyà sí ilé tuntun títí dé Olúpọ̀nnà. Bàbá Mùrí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú agbo ilé wọn. Abọ́dúnrìn ní tirẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, ọ̀rẹ́ wọn kò sì yẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ọdún 1987, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ìbàdàn ṣí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kó máa wá ní gbogbo Sátidé lè kàwé rẹ̀ nílé, ní àkókò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó yege nínú ìdánwò ìwé, kó sì yege nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe.

Abọ́dúnrìn ló mú ọ̀rọ̀ àáró wá.

"Bí àwa méjèèjì bá ń lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo Sátidé," ó ní, "àwọn oníbàárà wa yóò máa bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kó tó di ọdún tuntun, wọn yóò ti gbàgbé pé a wà láyé."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Ká ṣe é ní àáró. Ìwọ lọ ní Sátidé yìí, èmi á lọ ní èyí tó bá tẹ̀lé e. Ẹni tó bá lọ á kọ́ ẹni tó dúró ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

"Lẹ́yìn ìsìn tiyín nìyẹn. Tiwa kì í ṣe ọjọ́ Àìkú."

"Lẹ́yìn ìsìn tiwa, kí ìwọ lè rí àyè sùn dáadáa kí olùkọ́ rẹ tó dé."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé Mùrí. Ẹni tó lọ sí Ìbàdàn á ṣàlàyé, ẹnì kejì á máa da ìbéèrè bò ó. Abọ́dúnrìn kò ní sùúrù fún ìwé. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń ya gbogbo nǹkan sára ilẹ̀kùn.

Hàbíbátù, ìyàwó Mùrí, á jáde síta, á sì fọwọ́ lérán.

"Ẹ̀yin Abọ́dúnrìn, ilẹ̀kùn mi ti di pátákó ìkọ̀wé."

"Ẹ má fojú kékeré wò ó, Ìyá Nàfí. Bí a bá ríṣẹ́ gidi, ilẹ̀kùn onírin la ó rà fún yín."

"Kí ẹ lè kọ̀wé sí ìyẹn náà."

Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kọ́ ẹlòmíràn lọ́la kò ní sùn ní kíláàsì. Wọ́n yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ àti èkejì. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ, a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé Táyéwò àti Kẹ́hìndé Ìwó ni wọ́n, ọ̀kan kì í wá kí èkejì má jókòó sílé.

Ohun kan wà tí Mùrí mọ̀ tí kì í fi ẹnu sọ. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, àwọn méjèèjì dọ́gba. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọwọ́, Abọ́dúnrìn ni ọ̀gá. Wáyà a máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí Alájì Ajíbóyè wá sọ́dọ̀ Àáfáà fún àdúrà. Oníṣòwò ni Alájì, ó sì ń kọ́ ilé ẹ̀rọ kan sí ọ̀nà Ilé-Ogbó, níbi tí wọn yóò ti máa fún àdí lára ekùrọ́. Mùrí ló gbé omi fún un.

"Ẹ̀rọ ti dé láti Èkó, Àáfáà," ni Alájì wí. "Ó ku ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀."

"Ọmọ yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ́ irú rẹ̀ ní Ìbàdàn."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ni mo ní, ẹnì kan ni mo fẹ́." Ó yíjú sí Mùrí. "Ẹ ṣì ní ìdánwò àfọwọ́ṣe kan níwájú, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tó bá ta ẹnì kejì yọ nínú rẹ̀ ni kó wá bá mi. Owó oṣù, ilé gbígbé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Má sì rò pé bàbá rẹ ń gbàdúrà fún mi kí o wá máa sùn o. Ẹ̀rọ kì í mọ ọmọ àáfáà."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Mùrí náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ń rí iṣẹ́ olówó-oṣù he. Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọrọ̀ ajé di líle, ti dé, ilé-iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ tó gboyè iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń sinrú ìlú tán, wọ́n sì ń padà wálé wá jókòó ti ìyá wọn. Oyún kejì wà nínú Hàbíbátù. Iṣẹ́ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n 'mo ń bọ̀ wá san án' ló pọ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà.

Nígbà tí Mùrí sọ ọ̀rọ̀ náà fún Abọ́dúnrìn, inú ìyẹn dùn débi pé ó sọ sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀kan nínú wa á bọ́ nínú ìṣẹ́ nìyẹn," ó ní.

Ọ̀kan nínú wa. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí Mùrí mọ́. Ó ti mọ èyí tí yóò bọ́.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Mùrí ni àáró kàn láti lọ. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí mọ́tọ̀ oníná ńlá, irú èyí tí ń yí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ kọ́kọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń yan wáyà àti fíúsì tó bá agbára mọ́tọ̀ mu. Lẹ́yìn náà ló wá kan bí a ṣe ń jí i.

"Ẹ̀rọ ńlá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun," ó ní. "Ẹ kò lè gbé gbogbo ẹrù lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fún un ní gbogbo iná nígbà tó ṣì dúró gbagidi, yóò fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì jó fíúsì, tàbí kó jó ara rẹ̀. Ọ̀nà méjì la ó so wáyà rẹ̀ sí. Ti àkọ́kọ́ ni sítà, iná díẹ̀ ni yóò fi gbéra. Bó bá ti ń yí dáadáa, a ó wá yí i sí ti èkejì, dẹ́lítà, kó lè gba gbogbo agbára rẹ̀. Mùrí, bọ́ síwájú wá so ó."

Mùrí bọ́ síwájú. Ó so ó, ó tẹ súìsì. Mọ́tọ̀ náà gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kùn bí oyin, Mùrí yí i sí èkejì, mọ́tọ̀ sì bú sí iṣẹ́. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ di èyí mú," ni olùkọ́ wí. "Ẹni tó bá mọ gbogbo ìyókù tí kò mọ èyí, kí wọ́n má jẹ́ kó sún mọ́ ilé-iṣẹ́ kankan."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e padà sí Ìwó, ọ̀rọ̀ náà jókòó tì í bí èrò. Kó tó dé Lálúpọn, ó ti bínú sí ara rẹ̀ nítorí ohun tó ń rò. Nígbà tí yóò fi dé gáréèjì Ìwó, kò bínú mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, Abọ́dúnrìn dé pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. Mùrí kọ́ ọ ní ti wáyà. Ó kọ́ ọ ní ti fíúsì. Ó kọ́ ọ dáadáa, ó tilẹ̀ kọ́ ọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ibẹ̀ dí àìtó ibòmíràn. Abọ́dúnrìn ya gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn.

"Bàbá Wùmí tún bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí," Abọ́dúnrìn wí bó ti ń ya á. Wùmí ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. "Ó ní ṣé inú àjà ilé onílé ni èmi àti ọmọ òun yóò máa gbé, nítorí ibẹ̀ ni òun ti ń rí mi tí mo ń fa wáyà lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ìgbà ìdánwò."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní òun á dúró di ìgbà ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ẹlòmíràn wà tí ń tìtorí Wùmí wá kí òun ní àràárọ̀." Ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. "Ṣé ẹ̀kọ́ tán nìyẹn?"

Bí Mùrí bá fẹ́ sọ ọ́, ìgbà náà ló yẹ. Àyè wà lára ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀kì wà nílẹ̀. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí Wùmí níbẹ̀, ó sì rí i pé bí Abọ́dúnrìn ṣe ń fẹ́ iṣẹ́ náà kò dín sí bí òun ṣe ń fẹ́ ẹ.

"Ó tán," ó ní.

"Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ rẹ."

Hàbíbátù tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè. "Ẹ tètè parí lónìí."

Mùrí ṣa ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, ó kó o wọlé.

Mùrí fi ọ̀rọ̀ tu ara rẹ̀ nínú pé òun kò purọ́. Òun kàn dákẹ́ díẹ̀ ni, òun á sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó sì kàn Abọ́dúnrìn láti lọ. Ní gbogbo Sátidé náà, iṣẹ́ kò lọ lọ́wọ́ Mùrí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tú fáànù kan palẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Ó ń rò ó pé bí olùkọ́ bá mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ti fọ́ nìyẹn.

Abọ́dúnrìn padà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ Mùrí ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ ẹ̀fẹ̀ tí olùkọ́ ṣe, ó sì fi ohùn olùkọ́ sọ ọ́. Ìgbà tó parí ló wá rántí nǹkan kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ dárúkọ kan lẹ́ẹ̀kan, ó ní sítà àti dẹ́lítà. Àwọn ìyókù ń mi orí. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Mùrí yíjú sí ilẹ̀kùn. "Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà so wáyà ni," ó ní. "Kò kàn wá. Àwọn ọlọ́dún kejì ló ni ín."

"Áà, mo dúpẹ́. Ẹ̀rù ti fẹ́ bà mí pé n kò mọ̀ ọ́n."

Irọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdákẹ́ mọ́. Ó ti kúrò lẹ́nu Mùrí kó tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí Abọ́dúnrìn bá fún un ní oúnjẹ, á ní òun ti jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọjá níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn àgbà ọmọ kéú, ó sì gbọ́ tí ìyẹn ń sọ ọ̀rọ̀ Ànábì fún wọn: ẹni tí a bá bi ní ìmọ̀ tó sì fi í pamọ́, ìjánu iná ni wọn yóò fi sí i lẹ́nu lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ló ń kọ́. Síbẹ̀, Mùrí pa kẹ̀tùlù àlùwàlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì, ó yẹsẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Kí ló ń ṣe yín, Bàbá Nàfí?" ni Hàbíbátù bi í. "Ẹ kò jẹun, ẹ kò jà. Ó sàn kí ẹ jà."

"Ìdánwò ni."

"Ìdánwò kan náà tí Abọ́dúnrìn fẹ́ ṣe? Ìyẹn ń jẹ ti ilé wọn, ó ń wá jẹ tiwa kún un."

Ó pinnu pé òun á sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì ló lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jọ jókòó. Abọ́dúnrìn mú búrẹ́dì àti àkàrà dání, ó pín in sí méjì, ó sì fi èyí tó tóbi fún un. Ní Lálúpọn, Mùrí la ẹnu.

"Abọ́dúnrìn."

"Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ," ni Abọ́dúnrìn wí. "Èmi náà ti rò ó. Bó bá jẹ́ ìwọ lo mú iṣẹ́ náà, n kò ní bínú, bí Wùmí tilẹ̀ bọ́. Bó bá sì jẹ́ èmi, ìwọ náà má bínú. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Jẹ àkàrà rẹ."

Mùrí jẹ àkàrà rẹ̀.

Nínú yàrá iṣẹ́, mọ́tọ̀ ńlá kan dúró láàárín, wáyà sì wà lórí tábìlì. Olùdánwò jẹ́ àlejò láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ohun tó ní kí oníkálukú ṣe ni kó so mọ́tọ̀ náà, kó sì jí i. Ìyẹn nìkan.

Nígbà tó kan Mùrí, ó mọ ohun tó ń ṣe. Mọ́tọ̀ gbéra. Wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Abọ́dúnrìn wọlé. Ó gé wáyà rẹ̀ bí ẹni ń gé irun. Ó yan fíúsì tó yẹ gan-an. Àwọn tó ń wò ó ń mi orí, nítorí ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Mùrí rí i pé tààrà ló so ó. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ síbi súìsì. Ó ṣì lè kígbe. Kò kígbe.

Mọ́tọ̀ náà kérora bí màlúù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há, ó gbọ̀n rìrì lórí ìdúró, fíúsì bẹ́, iná gbogbo yàrá iṣẹ́ sì lọ.

"Ìwó ti pa wá níná," ni ẹnì kan sọ látẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kí ni o fi jí i?" ni olùdánwò bi í.

"Iná ni, sà."

"Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà ni?"

Olùdánwò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti fìdí rẹmi.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Bí Abọ́dúnrìn bá jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá lọ sílé lọ sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi. Ó gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, wọ́n sì lè rẹ́ ẹlòmíràn jẹ bẹ́ẹ̀. Ó mú Mùrí lọ́wọ́, ó fà á lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ lábẹ́ igi níwájú yàrá iṣẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ má bínú sí mi. Ohun tí wọ́n fi dán wa wò yìí, ẹ kò kọ́ wa."

"N kò kọ́ yín?"

"Ẹ kò kọ́ wa, sà. Mo mọ̀ pé n kì í wá ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ bá kọ́ wọn nígbà tí n kò bá wá ni mo máa ń mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Mùrí kì í fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ bi í. Òun ló wà níbí lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ wa ní mọ́tọ̀ ńlá. Mùrí, sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí Mùrí.

Ọ̀gbẹ́ni Àyànbádéjọ kò bínú. Ojú rẹ̀ kàn rú. "Mùrí tí ẹ ń wò yìí? Òun náà ni mo pè síwájú. Òun ló so ó lójú gbogbo kíláàsì, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni àwọn tó wà níbẹ̀ wí.

Abọ́dúnrìn ṣì di ọwọ́ Mùrí mú. Ó ń retí pé kó tako olùkọ́ náà. Nígbà tó yá, ó wo ọwọ́ tó dì mú, ó sì rọra tú u sílẹ̀, bí ẹni tó mú ohun olóhun láìmọ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó sọ fún olùkọ́. "Àṣìṣe tèmi ni."

Òun ló tọrọ àforíjì. Èyí ni Mùrí kò lè gbàgbé.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà, nítorí kò sí òmíràn. Abọ́dúnrìn kò yíjú kúrò lójú fèrèsé títí wọ́n fi dé Ìwó. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ iṣẹ́ náà jù mí lọ, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n a ì bá jọ sọ ọ́."

"Abọ́dúnrìn, jọ̀ọ́."

"Kí ló tún wà níbẹ̀ tí o kò tíì kọ́ mi? Mo ń béèrè ni. N kò mọ ohun tí mo mọ̀ mọ́."

Mùrí búra pé kò sí òmíràn. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó rí i lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òótọ́ náà kò wúlò fún nǹkan kan.

Wọ́n pín irinṣẹ́ láìjà. Abọ́dúnrìn kó tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Mísọ́nnì. Wọ́n sún ìgbéyàwó Wùmí síwájú, ìlú sì ń sọ pé ó ti yẹ̀.

Nígbà tí Mùrí jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, Àáfáà kò bá a wí. Ó kàn bi í bóyá Alájì mọ̀. Mùrí lọ sọ ọ́ fún Alájì fúnra rẹ̀; bóyá ó tilẹ̀ ń wá ẹni tí yóò fìyà jẹ òun.

Alájì gbọ́ ọ tán, ó họ irùngbọ̀n. "Ó burú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n ń kó ekùrọ́ wá. Ṣé ìwọ lè jí ẹ̀rọ náà?"

"Mo lè jí i, sà."

"Lọ jí i."

Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́. Hàbíbátù bí ọkùnrin, wọ́n kó sí ilé tí Alájì fún wọn. Bí àwọn ènìyàn bá kí i kú oríire, Mùrí á dáhùn, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyàwó rẹ̀ kò bu ọ̀rọ̀ náà lé e lórí rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó kúrò nílé àtijọ́, ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Abọ́dúnrìn tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ó ń pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ó yege. Bàbá Wùmí, tí ọ̀rọ̀ náà ti ta sí létí, ti dúró dè é. Ní àkókò náà gan-an ni Alájì ra ẹ̀rọ kejì.

"Lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ wá," ó sọ fún Mùrí. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ máa tọ́jú wọn."

Inú Mùrí dùn. Ó rò pé Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà àtúnṣe fún òun. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abọ́dúnrìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyẹn ń wé wáyà bàbà mọ́ inú fáànù kan. Ó gbé àpótí fún un jókòó, ó bi í nípa Nàfísátù àti ọmọ tuntun.

Mùrí jíṣẹ́ tán. "Mo bẹ̀ ọ́, gbà á," ó ní. "Owó oṣù rẹ kò ní dín sí tèmi. Iṣẹ́ tó yẹ kó ti jẹ́ tìrẹ láti ọjọ́ yìí ni."

"Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí?"

"Ẹ̀rọ méjì ni. Bí ọ̀kan bá yọnu, ẹnì kan á lọ pa iná nídìí pátákó súìsì, ẹnì kejì á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ."

"Níbo ni pátákó wà?"

"Ó wà ní yàrá kejì."

"Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò lè rí i nìyẹn."

"Kò lè rí i. Ẹni tó wà nídìí pátákó á kàn pè é pé òun ti pa á."

Abọ́dúnrìn wé wáyà náà dé òpin, ó gé e, ó gbé fáànù náà sílẹ̀.

"Mùrí, n kò bá ọ jà," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́; n kò fẹ́ gbé e lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. O máa wá síbẹ̀, ìwọ àti Ìyá Nàfí. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ yìí. Bí o bá wà ní yàrá kejì yẹn, tí o pè mí pé o ti pa á, ṣé kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Ìbúra ti wà lórí ahọ́n Mùrí, ó fẹ́ fi Àlùkùránì búra. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní kó búra. Ìbéèrè ló bi í, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Mùrí wo àwọn ọwọ́ náà lórí tábìlì. Ó fi ara rẹ̀ sípò Abọ́dúnrìn, ó dúró nídìí ẹ̀rọ, ó ń gbọ́ ohùn tirẹ̀ láti yàrá kejì.

Òun náà kò ní ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì sọ pé òun á lọ sọ fún Alájì pé kó wá ẹlòmíràn.